Ọwọ́ Tí Olújìmí Fi Sílẹ̀ ní Danmagaji

Danmagaji, Zaria.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún, 2025.

Olújìmí ọmọ mi,

Òkun o, ìkíni ilé wa. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Òtútù ìlú òyìnbó ńkọ́? Màmá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ó ní bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ àròyé, n kì í rántí ìkíni mọ́. Mo ti kí ọ. Ó ku àròyé.

Kọ̀ǹpútà tí o gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ mi kí ìwọ àti Adébísí tó wọ bàálù lọ sí Wolverhampton ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. O ní, "Daddy, tiyín ni. Ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ máa fi kọ ìtàn ìgbésí ayé yín." Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Jonah, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ra ju fìlà lọ fún un rí, kò lè wò mí lójú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. O sì mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo ṣe títí orí mi fi funfun ní ìlú yìí, tí mò ń fi tápúráítà tẹ ẹjọ́ olè àti ẹjọ́ àwọn tó ń kọ ìyàwó. Ìwé títẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò níwà. Bí mo bá jókòó tì í lọ́sàn-án, ọfà kékeré tó wà lójú rẹ̀ a máa rìn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi á wà lórí itan mi, ọfà á máa lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ti tẹ ìtàn bí bàbá mi ṣe kúrò ní Ìsánlú wá síbí, ó ti kún ojú ewé, ni ọfà bá gòkè lọ, ó tẹ ibì kan, gbogbo iṣẹ́ mi pòórá. Àwòrán ilé tí wọ́n fi ìlà yà ló jókòó sí ipò rẹ̀. Mo pe alátùn-únṣe kan láti Sabon Gari. Ó wò ó, ó họ orí, ó ní ó jọ pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú rẹ̀, ó sì ní kí n sanwó. Mo ní kí ó lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì.

Kí ni nǹkan yìí? Fèsì kíákíá. Bírò ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, màmá rẹ ni yóò fi fóònù rẹ̀ yà á ránṣẹ́ sí ọ. Má pè mí láti fi ẹnu ṣàlàyé. Ohun tí a bá fẹnu sọ, ẹnu náà la fi ń sẹ́ ẹ.

Bàbá rẹ,
Hosea Adédàpọ̀.


Wolverhampton.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2025.

Daddy mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ ìtàn. Adébísí ń kí yín, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì.

Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà. Ó ń tún ara rẹ̀ ṣe ni. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ òde òní, àlàyé rẹ̀ á sì pọ̀ jù fún yín. Kì í ṣe tápúráítà, Daddy. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráídè. Ẹ má pa á. Ẹ má yọ wáyà rẹ̀. Bí iná bá lọ, kí Màmá rí i pé ó wà lórí sólà. Fìríìjì lè dúró. Ẹ dákun, ẹ má sì pe àwọn alátùn-únṣe Sabon Gari wá tú inú rẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn, ẹ fi ọjọ́ Sátidé kọ ọ́. Bí bírò bá sì rọ̀ yín lọ́rùn jù, kò sí ẹni tó máa gbé yín lọ sí kóòtù.

Olújìmí.


Danmagaji, Zaria.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, 2025.

Olújìmí,

Màmá rẹ ń kí ọ. Ẹja rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú fìríìjì tí o ní kó dúró, síbẹ̀ ó ṣì ń kí ọ.

Mo ṣe bí o ti wí. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Mo fa àga, mo jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. O ní kí n má fọwọ́ kàn án, o kò ní kí n má wò ó.

Mo rí i tí ó ń ṣí ìwé, tí ó ń pa ìwé dé. Mo rí i tí ó ń ya ilé. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Muhyideen ní Kàdúná. Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sáìtì Hanwa dé ni. Oòrùn mú jọjọ níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ." Orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Òjò ń rọ̀. Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà, mo bi oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń ti Hanwa bọ̀ bóyá oòrùn ń ràn lọ́hùn-ún. Omi ń kán láti ara ọkùnrin náà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ó ní, "Haba, Baba," ó sì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Mo ti gbọ́ irọ́ nínú kóòtù, Olújìmí. Mo ti gbọ́ irọ́ àwọn tó gbé Bíbélì sókè, mo ti gbọ́ irọ́ àwọn tó gbé Kùránì. Irọ́ tiwọn a máa wọ aṣọ díẹ̀ kó tó jáde síta. Tìrẹ jáde ní ìhòòhò, nínú òjò.

Ta ni Ọ̀gá Muhyideen? Ọwọ́ ta sì ni ó ń rìn nínú pálọ̀ mi?

Bàbá rẹ.


Wolverhampton.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 2025.

Daddy,

Ẹ kú ilé. Ó dáa, ẹ ti mú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ yéé jókòó síwájú ẹ̀rọ bí ọlọ́dẹ.

Ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Muhyideen ló ń kọ́ àwọn ilé kan ní Hanwa, èmi sì ni ẹnjinía wọn ní Zaria. Nígbà tí ìwé ìrìnnà Adébísí jáde, mi ò sọ fún wọn pé mò ń bá a lọ. Wọn ò gba ẹni tó bá wà lókè òkun síṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yẹn, tiwọn ni. Inú rẹ̀ nìkan ni ètò tí a fi ń ya ilé wà, wọ́n sì ń rí i láti Kàdúná pé Zaria ni ẹ̀rọ náà wà. Mo wá so ó pọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù mi. Ohun tí mo bá tẹ̀ níbí, òun ló ń tẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí mo bá sún ọwọ́, ọfà á sún. Wahab, fọ́mànù àwọn bíríkìlà, ń ya fọ́tò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Mò ń wò ó, mò ń fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ń lọ. Kí ló tún kù?

Mo mọ̀ pé irọ́ lẹ máa pè é. Ẹ̀yin tí ẹ kò purọ́, kí ni òtítọ́ ṣe fún yín? Àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń gbé ní GRA. Ẹ̀yin wà ní Danmagaji lábẹ́ òrùlé tó ń jò, tí òtítọ́ yín kò rí dí. Èmi ni mo dí i. Irọ́ yìí náà ni mo fi dí i.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ọ̀gá ní òun fẹ́ fọ́tò tí ẹnjinía fi fóònù ara rẹ̀ yà, kì í ṣe ti Wahab. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Hanwa, kí ẹ ya ògiri ẹ̀yìn ilé tó kángun sí kọ̀tò. Ẹ má sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí kò gba ọpọlọ ni.

Olújìmí.


Danmagaji, Zaria.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, 2025.

Olújìmí,

Màmá rẹ ń kí ọ. Èmi kò kí ọ.

Mo dúpẹ́ fún òrùlé.

Ẹran ẹlẹ́ran lo fi ṣe sàráà fún mi, tí mo sì ń ṣe àmín nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo fi kọ̀ǹpútà ọmọ mi fẹ́ Bàbá Jonah lójú! Fìlà tí wọ́n rà fún un, ó kéré tán, orí ara rẹ̀ ló ń dé e. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ. Mo wọ balùwẹ̀, màmá rẹ tún un kì bọ iná. Ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ láti ọwọ́ òun. Mo ní ọmọ rẹ̀ kò ní iṣẹ́, ọfà ló ní.

Mo lọ sí Hanwa. Má rò pé nítorí ẹ̀bẹ̀ rẹ ni. Mo fẹ́ fojú rí ohun tí o ń fọwọ́ sí láì fojú rí i.

Wahab jẹ́ ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sabon Gari. Ó pọ́n, ó ga, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mo bi í pé, "Ẹnjinía yín ńkọ́?"

Ó ní, "Kai, Bàbá. Ẹnjinía wa ò fẹ́ràn ẹrẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ la ti rí i kẹ́yìn. Ọ́fíìsì ló wà, ìwé rẹ̀ la máa ń rí."

Mo bi í nípa ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀rín rẹ̀ dín kù. Ó ní, "Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, wallahi. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní ká máa mọ ọ́n lọ."

Olújìmí, ògiri yẹn dúró bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Omi òjò dúró ní ìdí rẹ̀. Fọ́tò rẹ nìyí, mo yà á láti ẹ̀gbẹ́. N kò mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fẹ́ wó. Ní kí wọ́n dá a dúró.

Bàbá rẹ.


Wolverhampton.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà, 2025.

Daddy,

Mo rí fọ́tò. Fóònù lẹ gbé ní wíwọ́, ògiri kò wọ́. Nígbà mìíràn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì. Mi ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń to fáìlì kóòtù, nítorí náà ẹ má kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri. Bíríkìlà gbogbo ló máa ń sọ pé ilẹ̀ rọ̀ bí wọn ò bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ má tún lọ síbẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Olújìmí.


Danmagaji, Zaria.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje, 2025.

Olújìmí,

Ògiri náà wó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀. Wahab wà ní ìdí rẹ̀, ó ń kó pákó kúrò kí omi má bàa gbé e lọ. Itan rẹ̀ kán. Èmi àti màmá rẹ lọ kí i ní ọsibítù. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin, ó ga sókè bí ẹni tó fẹ́ gun nǹkan. Sarat ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó bi mí pé, "Bàbá, níbo lẹ ti mọ ọkọ mi?"

Mo ní mo kàn kọjá ní sáìtì lọ́jọ́ kan ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Màmá rẹ sáré jáde.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ ohun tó ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Hanwa, mo sọ fún Wahab pé kí ó dá iṣẹ́ ògiri yẹn dúró. Ó fi ọ̀wọ̀ bi mí pé, "Ta lẹ jẹ́, Bàbá, tí mo máa sọ fún ẹnjinía pé ẹ ní kí n dá iṣẹ́ dúró?" O ti ní kí n má sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo dákẹ́. Ìwọ sọ mí di ẹni tó ń dákẹ́, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ sílẹ̀.

Kọ̀wé sí Ọ̀gá rẹ. Sọ òtítọ́ fún un. Kí o sì pe Wahab.

Hosea Adédàpọ̀.


Danmagaji, Zaria.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Keje, 2025.

Olújìmí,

O kò fèsì lẹ́tà mi. Ṣùgbọ́n ọfà rẹ fèsì.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo ń mu kókó lọ́wọ́ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà tàn. Lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tó ti dákẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Mo súnmọ́ ọn. Ọ̀gá Muhyideen ti kọ̀wé, ó ń bi ọ́ bí ògiri ṣe wó. Mo dúró, mo ní kí n wo irú ẹni tí mo bí. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdáhùn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jáde lójú mi: "Mo wà ní sáìtì láàárọ̀ ọjọ́ náà, sà. Mo kìlọ̀ fún Wahab pé kó má ṣiṣẹ́ nídìí ògiri yẹn. Ó kọ etí dídi sí mi. Mo dábàá pé kí a dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ so kọ́ sára irin ni o fẹ́ dá dúró.

Mo gbé ife kalẹ̀, mo gbá máósì mú. Mo fa ọfà sí òsì. Ìwọ fà á sí ọ̀tún. Mo tún fà á. Ó dúró díẹ̀, ó ń gbọ̀n láàárín ojú ẹ̀rọ bí eṣinṣin tó bọ́ sínú ẹ̀kọ. Mo mọ̀ pé o ti mọ̀ pé èmi ni. O sáré tẹ ọ̀rọ̀ kan: "Daddy e jo." O kò tilẹ̀ ráyè fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà ni fóònù màmá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá. Ó gbé e jáde, orúkọ rẹ ń tàn lójú rẹ̀. Ó wò mí. Ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà títí dé òpin, ó ń fi ìka tọ ọ́. Ó wá dojú fóònù náà dé sórí tábìlì, ó sì jókòó.

Ìgbà tí o gbé fóònù tìrẹ dání ni ọwọ́ rẹ kúrò lórí láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣoṣo purọ́ níbi méjì, ibì kan á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa ohun tí o tẹ̀ rẹ́. Mo tẹ tèmi bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún adájọ́: pé èmi, Hosea Adédàpọ̀ ti Danmagaji, bàbá Olújìmí, ni mò ń kọ̀wé. Pé ọmọ mi kò sí ní Nàìjíríà, kò sì dé sáìtì láti oṣù Kìíní. Pé Wahab kọ̀wé sí i pé ilẹ̀ rọ̀, ó ní kí wọ́n máa mọ ọ́n lọ. Pé èmi náà rí ògiri náà kó tó wó, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, ó ní fóònù mi ló wọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mo fa wáyà yọ. Ní tòótọ́, mo retí pé màmá rẹ á tún un kì bọ̀ ọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Dírẹ́bà wọn ti wá láti Kàdúná gbé ẹ̀rọ wọn lọ.

Hosea Adédàpọ̀.


Wolverhampton.
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Keje, 2025.

Bàbá,

Ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ti lé mi. Ọ̀gá Muhyideen kò tilẹ̀ bú mi. Ó ní òun dúpẹ́ pé ẹnì kan wà nínú ilé wa tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e kọ́ ọrùn, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí bàbá mìíràn tó máa ṣe ohun tí ẹ ṣe. Bàbá Jonah kò ní ṣe é. Ọmọ yín ń rì, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e lórí, ẹ sì ń ka òfin fún un. Láti kékeré ni ẹ ti ń wò mí bí ẹni tó dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Bí mo bá mú ipò kejì, ẹ ó bèèrè ẹni tó gba ipò kìíní. Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ẹ ti dá mi lẹ́bi, ẹ sinmi.

Adébísí ka gbogbo lẹ́tà wa. Mo rò pé á gbèjà mi. Ó kàn ní, "Ṣé o ti pe ọkùnrin náà?" Mo ní, "Ọkùnrin wo?" Láti ìgbà náà ni kò ti bá mi jẹun pọ̀. Ẹ̀yin lẹ dá ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́.

Olújìmí.


Danmagaji, Zaria.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ, 2025.

Olújìmí,

Màmá rẹ ń kí ọ. Ó ń sunkún pẹ̀lú. Ìkíni nìkan ló ní kí n kọ.

Wahab ti kúrò ní ọsibítù. Àwọn dókítà ní yóò rìn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún un pé yóò gun àkàbà mọ́. Mo ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún òun àti Sarat. Obìnrin náà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

O ní mo ń ka òfin fún ọ nígbà tí o ń rì. Ta ló wà lábẹ́ ògiri, Olújìmí?

Nọ́ḿbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. N kò bẹ̀ ọ́. Ẹni tí a bá bẹ̀ ló láǹfààní àtikọ̀.

Bàbá rẹ.


Wolverhampton.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Daddy,

Ẹ kú ilé.

Mo pe Wahab lánàá. Mi ò pè é nítorí lẹ́tà yín, kí ẹ má baà rò bẹ́ẹ̀. Adébísí ti jáde lọ sí ibi iṣẹ́, ilé dákẹ́, mo jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ mi sì wà lórí rẹ̀ láìsí ohun tó ń tẹ̀.

Sarat ló gbé fóònù. Nígbà tí mo sọ orúkọ mi, ó pòṣé, ó gbé e fún un. Mo ní, "Wahab, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Báwo ni ẹsẹ̀?"

Mo ń gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá níta ilé wọn. Mo tún ní, "Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti ń sàn?"

Ó wá ní, "Ẹnjinía, ṣé kí n yà á ránṣẹ́ sí yín?"

Mo rò pé àwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa," bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ tí mo bá ní kí wọ́n máa mọ ọ́n lọ, ó sì pa fóònù.

Fọ́tò náà dé kí n tó gbé fóònù kúrò létí. Mi ò tíì ṣí i.

Olújìmí.